Ìgbésí Ayé Olóògbé Andrew Carnegie

Ní ìlú Dunfermline, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ni a gbé bí Andrew Carnegie ní ọdún 1835. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ sì gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo ìdílé ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1848. Níbẹ̀ ni ọmọdé yìí ti wọ ilé iṣẹ́ òwú dípò ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń gba dọ́là 1.20 lọ́sẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ wáyà, ó ṣe iṣẹ́ rélùwéè, lẹ́yìn náà ni ó dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀, èyí tí ó tà ní dọ́là mílíọ̀nù 480 ní ọdún 1901.

Àwa kò gbọdọ̀ pa òtítọ́ mọ́: ní ọdún 1892, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Homestead kọ̀ kí a gé owó ọ̀yà wọn, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ènìyàn sì kú.

Ní ọdún tí ó ta ilé iṣẹ́ náà, ó ya dọ́là mílíọ̀nù 10 sọ́tọ̀ fún àwọn yunifásítì mẹ́rin ilẹ̀ Skọ́tlándì: ìdajì èrè rẹ̀ fún ìmúgbòòrò wọn, ìdajì fún owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí agbára òbí wọn kò ká a.

Ó kú ní ọdún 1919. Ẹbùn rẹ̀ kò jí òkú Homestead dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí òṣì fi dù ú ní èwe, ó mú kí ó tẹ ọmọ tálákà lọ́wọ́. Nítorí èyí ni àwa ṣe kà á yẹ ní ìrántí.