Oguntọla Sapara

Oguntọla Odunbaku Sapara (1861–1935) jẹ́ oníṣègùn òyìnbó ọmọ Yorùbá, tí a mọ̀ jù lọ fún akitiyan rẹ̀ lórí àrùn ìgbóná. Ìlú Freetown ni wọ́n ti bí i. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Bìrìtéènì, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní ọdún 1896.

Awọ ara àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wà lára odi tí a bí mọ́ ènìyàn. Odi yìí a máa dènà ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn, ṣùgbọ́n ìgbóná a máa borí rẹ̀, àfi bí ara bá ti gba àjẹsára tàbí tí ó ti la àrùn náà já rí.

Sapara dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná. Ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn kó ìgbóná ran ẹlòmíràn, nítorí àwọn ni í jogún ẹrù ẹni tí ó bá pa. Ìròyìn rẹ̀ ló mú kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀, kò kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀. Ó ṣèwádìí nípa ewé àti egbò igi.

Ọdún 1970, ọdún 35 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a rí aláìsàn ìgbóná tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà.