Ọba Adéfúnmi Kìíní àti Ìgbé-Ayé Ẹlẹ́sìn Òrìṣà ní Ọ̀yọ́túnjí

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1928, ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ìlú Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Walter Eugene King ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó fi máa wàjà ní oṣù Èrèlé, ọdún 2005, Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi Kìíní ni wọ́n ń pè é. Ó ti ní ìlú, ó ti ní ààfin, adé sì ti wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nílé tí wọ́n bí i sí. Ìbéèrè tí ìgbé-ayé rẹ̀ gbé ka iwájú àwọn tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò kéré rárá: ṣé ìbí nìkan ní í sọ ènìyàn di Yorùbá, àbí ìṣe ojoojúmọ́ náà lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Oníjó ni kí ó tó di abọ̀rìṣà. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham ṣiṣẹ́. Obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni Dunham, ó ti gbé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní Haítì, ó sì gbé ijó wọn wá sórí ìtàgé. Ní 1954, King fúnra rẹ̀ lọ sí Haítì. Nígbà tí ó padà dé, ó dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Harlem, ní New York, láti máa sin Damballah-Hwedo, òrìṣà kan tí ìdí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn Fọn ilẹ̀ Dahomey. Kò pẹ́ tí ó fi pa orúkọ àwọn òyìnbó tì. Oseijeman tí ó mú jẹ́ orúkọ àwọn Akan, Adéfúnmi sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ẹni tó bá yẹ orúkọ méjèèjì wò dáadáa yóò rí i pé Áfíríkà lápapọ̀ ni ó ń wá nígbà náà, kò tíì yan agboolé kan pàtó.

Kúbà ni ó ti rí agboolé náà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Ògún, ọdún 1959, òun àti Christopher Oliana gba òrìṣà ní ìlú Matanzas. Ọbàtálá ni wọ́n fi jẹ Adéfúnmi, orúkọ rẹ̀ Ẹfúntọ́lá sì fi ẹfun òrìṣà náà hàn kedere. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn adúláwọ̀ tí a bí sí Amẹ́ríkà tó gba òrìṣà ní Kúbà. Àwọn Lùkùmí tó ṣe é fún wọn jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àti ajogún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti fi ère àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà bo òrìṣà mọ́lẹ̀ pẹ́, tí Ṣàngó fi di Santa Barbara lójú ẹni tó bá wo ojúbọ láti ìta.

Èyí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí Adéfúnmi dá Ilé Òrìṣà Yorùbá sílẹ̀ ní Harlem ní 1960, ó kó gbogbo ère ẹni mímọ́ kúrò nínú ojúbọ. Ó wọ agbádá jáde ní gbangba, ó ń lùlù kiri àdúgbò, ó sì ń kéde òrìṣà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ara àwọn àgbà Kúbà tó wà ní New York kò gbà á. Lójú tiwọn, awo ni ẹ̀sìn náà, kì í ṣe ohun tí a ń gbé jó lójú títì. Wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kún un. Kò yẹ kí a dá àwọn àgbà náà lẹ́bi tán. Ère tí Adéfúnmi kó dànù ni ìdérí tí kò jẹ́ kí ọbẹ̀ dànù fún ọ̀pọ̀ ọdún oko ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilé baba rẹ̀ kò lè máa kí àlejò ní ẹnu ọ̀nà títí láé. Ọ̀nà wọn pín.

Ní 1970, Adéfúnmi kó ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ lọ sí Beaufort County ní South Carolina, ó sì tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó nínú igbó kan lẹ́bàá Sheldon. Orúkọ náà kò nílò àlàyé fún Yorùbá: Ọ̀yọ́ tó wó ti tún jí. Agbègbè àwọn Gullah ni ibẹ̀ jẹ́, àwọn tí Lorenzo Dow Turner fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1949 pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ Áfíríkà, ti Yorùbá pẹ̀lú, ṣì wà lẹ́nu wọn.

Àlejò tó bá dé ẹnu ibodè yóò rí àkọlé tó ń sọ fún un pé ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú kò kàn ní sọ pé òun gba òrìṣà gbọ́ kí ó jókòó. Wọ́n á dá Ifá láti wá ìran tó ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé oko ẹrú ti pa ìtàn ìdílé rẹ́. Wọ́n á fún un ní orúkọ. Ọ̀pọ̀ sì kọ ilà sójú. Ilà yìí tọ́ sí àròjinlẹ̀. Ní àsìkò tí àwọn òbí nílẹ̀ Yorùbá ń pa ilà kíkọ tì, àgbàlagbà ọmọ Amẹ́ríkà ń jókòó fún olóòlà, ó mọ̀ dájú pé bí òun bá tún padà sí ìgboro láti wáṣẹ́, ojú òun yóò sọ ọ̀rọ̀ kí ẹnu òun tó là. Kò sí ẹ̀rí ìfọkànsìn tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ Akínkanjú, àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ Mọ́remí. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wà tí wọ́n ń pè ní dokpwe, ọ̀rọ̀ àwọn Fọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ní ọ̀wẹ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin lè ní ju aya kan lọ. Ọbàtálá, Ṣàngó, Ògún, Ọ̀ṣun, Yemọja àti Èṣù ní ojúbọ tiwọn, ọdún òrìṣà kan sì ń tẹ̀lé òmíràn yípo ọdún. Owó ìdáfá àti owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wà lára ohun tí ìlú fi ń jẹun.

Òfin èdè ni ó sún mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jù lọ. Ní òwúrọ̀, èèwọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni kí oníkálukú fi kí aládùúgbò rẹ̀, kí ó fi bèèrè omi. Àwọn ọmọdé ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, àwọn àgbà náà sì ń kọ́ èdè. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ, orin tí wọ́n bá bọ̀ láti ọwọ́ àwọn Lùkùmí sì ti pàdánù ohùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fi lè bọ́ sí ojú kan náà. Yorùbá di èdè ìkíni, èdè ìwúre àti èdè orin, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Òfin lè mú àgbàlagbà sọ èdè láàárọ̀. Ìyá tó ń fi èdè náà rẹ ọmọ lẹ́kún lóru ni òfin kò lè pèsè.

Adéfúnmi mọ̀ pé ìlú nìkan kò tó. Ní 1972 ó wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, nígbà tí ó padà dé, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í jọba. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí kò ní orírun ọba kì í ṣàdédé dé adé, ọ̀rọ̀ náà sì lè di ẹ̀sín. Ọdún 1981 ló yanjú rẹ̀. Ní oṣù Òkúdu ọdún náà, ó wá sí ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí àṣà òrìṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwádé, Olúbùṣe Kejì, sì pàṣẹ kí wọ́n ṣe ìwúyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Ó gba idà oyè. Ìwúyè náà fi í sí abẹ́ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé eré orí ìtàgé ni Ọ̀yọ́túnjí.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn ará ìlú tó bí igba. Lẹ́yìn náà wọ́n dín kù gidigidi, nítorí pé owó ṣòro, òfin sì le. Àwọn tó jáde lọ kò sọ òrìṣà nù; wọ́n kó ojúbọ àti orúkọ wọn dání, wọ́n dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọba wàjà ní 2005, ọmọ rẹ̀ Adéjùyìgbé ni ó gorí ìtẹ́ ní ọdún náà gan-an, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2024 tí òun náà fi papò dà. Inú Ọ̀yọ́túnjí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kò jẹ́ orúkọ òyìnbó kankan rí kí ó tó jẹ́ ti Yorùbá.