Ìgbésí Ayé Maria Montessori àti Ìṣirò tí Ọwọ́ Ń Bà

Ìlú Chiaravalle ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí Maria Montessori sí ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1870. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé ọmọkùnrin ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, kí ó tó yà sí ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Róòmù. Nítorí pé ojú ayé ìgbà náà kò gbà á kí obìnrin àti ọkùnrin jọ yí òkú ká, òun nìkan ni ó máa ń la òkú fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Ó gba oyè dókítà ní ọdún 1896. Ní 1898 ni ó bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mario, láìṣe ìgbéyàwó, alágbàtọ́ ni wọ́n sì gbé ọmọ náà fún. Ẹni tí ó kọ́ ayé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ kò tọ́ ti ara rẹ̀ ní kékeré.

Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ó ti bá àwọn ọmọ tí ayé kà sí olódo pàdé. Ó wá ìwé Édouard Séguin, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, kà, ó sì gbà pé ohun tí ọmọ lè fọwọ́ bà, kí ó tò, kí ó sì tú, ni ẹnu ọ̀nà sí ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn yege nínú ìdánwò àwọn ọmọ yòókù, ẹnu ya àwọn ènìyàn. Ohun mìíràn ni ó ká Montessori lára: irú ẹ̀kọ́ wo ni ilé-ìwé ń fún àwọn tí ọpọlọ wọn pé, tí ìwọ̀nyí fi lè bá wọn dọ́gba?

Ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 1907 ni ó ṣí Casa dei Bambini, èyíinì ni Ilé Àwọn Ọmọdé, ní San Lorenzo, àdúgbò òtòṣì ní Róòmù. Nínú àwọn ohun èlò ìkọ́ni rẹ̀ ni ọ̀pá mẹ́wàá wà: èyí tí ó kúrú jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, èyí tí ó gùn jù jẹ́ mítà 1. Apá ọmọ yóò ti mọ ìyàtọ̀ ení àti ẹ̀wá kí ó tó kọ nọ́ńbà. Ìlẹ̀kẹ̀ wà pẹ̀lú: ẹyọ kan, mẹ́wàá lórí wáyà kan, wáyà mẹ́wàá tí a so pọ̀ di pẹlẹbẹ 100, pẹlẹbẹ mẹ́wàá tí a tò léra di 1,000. Igi mẹ́jọ sì wà tí ọmọdé ń tò sínú àpótí bí eré. Igi mẹ́jọ náà gan-an ni ìpín mẹ́jọ tí ó wà nínú (a + b)³. Bí ọ̀kan bá ṣì sípò, àpótí kò ní í ṣé é dé; igi ni ó ń bá ọmọ wí, kì í ṣe olùkọ́.

Àwọn baba ńlá wa náà a máa sin owó ẹyọ ní ogójì-ogójì, 20,000 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ìlẹ̀kẹ̀ Montessori ń lọ, nígbà tí ònkà Yorùbá dúró lórí ogún: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ìlẹ̀kẹ̀ náà ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ sin ti ogún pẹ̀lú, kí ọmọ lè yọ márùn-ún kúrò lára rẹ̀, kí ó sì fojú rí ìdí tí a fi ń pe 15 ní ẹ́ẹ̀dógún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ àti ẹnu yóò máa ta ko ara wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ láìsí àríwísí. Ní 1914, William Heard Kilpatrick, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àwọn ohun èlò náà há ọmọ mọ́, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ìronú ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é dà nù, nítorí Montessori kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ohun èlò rẹ̀ yàtọ̀ sí bí ó ṣe fi lélẹ̀.

Ìjọba Mussolini kọ́kọ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó di 1934, wọ́n ti ilé-ìwé rẹ̀ pa. Ó gba Sípéènì dé Họ́láńdì, ó sì lọ sí Íńdíà ní 1939. Bí Ítálì ti wọ ogun ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Mario sí àhámọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá rìn bí ó ti wù ú. Àyájọ́ àádọ́rin ọdún rẹ̀ ni wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n wà ní Kodaikanal, àwọn méjèèjì fi ewéko àti ẹranko àyíká gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀.

Ó kú ní Noordwijk, ní Họ́láńdì, ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1952. Láti 1990 títí owó Yúrò fi rọ́pò líírà ní 2002, àwòrán rẹ̀ ni ó wà lára owó Ítálì, lórí bébà ẹgbẹ̀rún kan líírà.