Harry Ferguson, Ẹni Tí Ó So Ohun-Ìtúlẹ̀ Mọ́ Katakata

Bí ènìyàn bá dé oko ńlá kan, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín tàbí ní òkè òkun, tí ó bá katakata tí a fi ń túlẹ̀ níbẹ̀, kí ó yí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó sì wò ó dáadáa. Yóò rí apá irin mẹ́ta níbẹ̀: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè láàárín. Àwọn mẹ́ta yìí ni a fi ń so ohun-ìtúlẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ irin-iṣẹ́ oko mìíràn mọ́ ọkọ̀ náà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù; ṣùgbọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn katakata, ẹ̀mí àwọn awakọ̀ ti ṣòfò. Harry Ferguson ni orúkọ ẹni náà, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1884 ni a bí i, ní Growell, ní agbègbè County Down, ní ìhà àríwá Írẹ́lándì. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ni a bí ní ilé náà, Harry sì ni ìkẹrin wọn. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní oko, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò wù ú rárá. Ó ti ń gbèrò láti sá lọ sí Kánádà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Joe, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ní ìlú Belfast, tó gbà á sọ́dọ̀ ní ọdún 1902. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó kórìíra oko tó bẹ́ẹ̀ ni ó wá dín ìyà àgbẹ̀ kù. Ní tèmi, n kò rò pé èyí yani lẹ́nu: ẹni tí ẹ̀yìn rí dùn nínú aporo ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe.

Ọwọ́ rẹ̀ yá sí ẹ́ńjìnnì. Ó fi alùpùpù sáré ìje, ó sì wá fẹ́ fò lójú ọ̀run. Ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1909, ó gbé ọkọ̀ òfurufú tí òun fúnra rẹ̀ ṣe jáde ní Hillsborough, ó sì fò níwọ̀n yáàdì 130. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Írẹ́lándì. Ní ọdún kejì ó fò ní etí òkun ní Newcastle ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, ó sì gba ẹ̀bùn £100. Ní ọdún 1911 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Belfast, ní ọdún 1913 ó sì gbé Maureen Watson níyàwó.

Nígbà tí Ogun Kaiser bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di dandan kí a túbọ̀ ro oko nílé. Ferguson ti ń ta katakata tí a kó wá láti Amẹ́ríkà; nítorí náà ní ọdún 1917 àwọn aláṣẹ tí ń ṣe àbójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Írẹ́lándì pè é kí ó lọ yẹ àwọn katakata ìjọba wò káàkiri. Òun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ William Sands, ẹni tí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ jinlẹ̀, jọ rin ìrìn àjò náà.

Ohun tí wọ́n rí kò dára. Ṣe ni katakata ìgbà náà ń wọ́ ohun-ìtúlẹ̀ lẹ́yìn bí ẹṣin ti ń wọ́ ọ. Ọ̀pá irin kan tàbí ṣéènì ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan a máa wa ọkọ̀, ẹlòmíràn a sì máa darí ohun-ìtúlẹ̀ lẹ́yìn. Kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà máa yọ̀, wọn a ṣe katakata ní rírinlẹ̀, ìwúwo yìí a sì tẹ ilẹ̀ pa títí yóò fi le gbagidi. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Bí ẹnu ohun-ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò igi tàbí òkúta tí ó fara sin, yóò dúró gbọn-in, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lè lọ mọ́, tí agbára ṣì ń yí i, iwájú ọkọ̀ ni yóò gbéra nílẹ̀, tí yóò dìde dúró bí ẹṣin tí inú ń bí, tí yóò sì dojú dé lé awakọ̀ lórí. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Katakata Fordson, tí Henry Ford ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1917 náà, kò wọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa nínú wọn lọ́nà yìí.

Ohun tí Ferguson rò ni pé ìsopọ̀ náà ni ó ní àbùkù. Kò yẹ kí katakata máa wọ́ ohun-ìtúlẹ̀; ó yẹ kí àwọn méjèèjì di ara kan. Òun, Sands àti Archie Greer fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ohun-ìtúlẹ̀ fífúyẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀, tí awakọ̀ lè gbé sókè láti orí ìjókòó rẹ̀. Henry Ford rí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gbà á síṣẹ́; Ferguson kọ̀. Ní ọdún 1926 ni a fún un ní ìwé-àṣẹ lórí apá tí ó ṣe kókó jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, tí í ṣe lílo agbára òróró láti máa ṣọ́ bí ohun-ìtúlẹ̀ ti wọlẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. Apá méjì ìsàlẹ̀ ni ó ń fa ohun-ìtúlẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ń dì í mú nísàlẹ̀, orí rẹ̀ a fẹ́ ṣubú síwájú, a sì máa ti apá òkè lọ sí ìhà iwájú katakata. Agbára títì yìí ni ó ń tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí kò fi lè dìde mọ́. Ìwúwo ohun-ìtúlẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ilẹ̀ tí ó gbé a sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Nípa báyìí katakata kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Síwájú sí i, sípíríǹgì kan wà ní ìdí apá òkè náà. Bí ohun-ìtúlẹ̀ bá wọlẹ̀ jù, sípíríǹgì a fún pọ̀, a sì jẹ́ kí òróró gbé apá ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀. Bí kò bá wọlẹ̀ tó, a tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì kọ́ òkúta, ìwúwo a kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lójú kan náà, ẹsẹ̀ a máa yí lórí kan, awakọ̀ a sì wà láàyè.

Ní ti síso rẹ̀, ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè ṣe é. Awakọ̀ a fi ẹ̀yìn rin lọ bá ohun-ìtúlẹ̀ níbi tí ó wà. Apá òsì ni yóò kọ́kọ́ fi bọ píìnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò so apá ọ̀tún, èyí tí ó ní ọwọ́ ìyípo tí a fi ń gbé e sókè tàbí rọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí ihò rẹ̀ yóò fi bá píìnì mu. Apá òkè ni ó gbẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù irin tí ó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún wà ní ẹnu apá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ́jú, kì í fa wàhálà. Ẹnì kan ṣoṣo lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan láìlo irin-iṣẹ́ kankan. Fún àtúnṣe kéékèèké, Ferguson ṣe sípánà kan tí ó bá ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì mu, ó sì fín àmì íǹṣì sí i lára kí a lè máa fi wọn nǹkan.

Ó mọ irin í so pọ̀. Síso ènìyàn pọ̀ ni kò rọrùn fún un. Alágídí ni, kì í sì í gba kí ẹnikẹ́ni yí ohun tí ó ṣe padà. Ní ọdún 1933 ó ṣe katakata dúdú kan láti fi hàn pé èrò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1936 òun àti David Brown ti Huddersfield bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní £224, irin-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ £28. Àwọn àgbẹ̀ ń lọ́ra, nítorí pé ohun-ìtúlẹ̀ àtijọ́ kò bá a mu. Brown fẹ́ kí ọkọ̀ náà tóbi sí i, Ferguson fẹ́ kí owó rẹ̀ dín kù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pínyà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1938 ó gbé katakata kan lọ sí Dearborn ní Amẹ́ríkà, ó sì fi han Henry Ford lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó fi èyí tí a ṣe ní kékeré ṣàlàyé lórí tábìlì. Inú Ford dùn, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí agbẹjọ́rò. Katakata 9N jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1939, òun àti èyí tí ó tẹ̀lé e sì tà ju 300,000 lọ. Ṣùgbọ́n Ford darúgbó, agbára bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Henry Ford kejì, ìyẹn sì fòpin sí àdéhùn náà ní ọdún 1947, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bá a lọ láti máa ta katakata tí ó ní apá mẹ́ta náà. Ferguson pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 251. Ọdún mẹ́rin ni ó fi jà kí ó tó gba dọ́là 9,250,000 ní ọdún 1952. Àwọn kan ní ó ṣẹ́gun. Èmi rò pé ọdún mẹ́rin nínú ayé ẹni tí ó ti ń lọ sí 70 ọdún kì í ṣe owó kékeré.

Lọ́wọ́ kan náà, láti ọdún 1946, a ti ń ṣe katakata rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ọdún 1956, ó lé ní 517,000 tí a ṣe. Mẹ́ta nínú irú rẹ̀ ni Edmund Hillary wà dé ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù, lórí yìnyín, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958. Ní ọdún 1953 Ferguson da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Massey-Harris ti Kánádà. Nígbà tí mílíọ̀nù dọ́là kan fa àríyànjiyàn láàárín wọn, ó ní kí a ju owó ẹyọ sókè, ó pàdánù. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù níbẹ̀, èyí tí a ń rí lára Massey Ferguson títí di òní.

Ìbànújẹ́ ọkàn àti àìrí oorun sùn bá a jà ní ìkẹyìn ọjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni ó kú ní ilé rẹ̀ nítòsí Stow-on-the-Wold, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn oorun ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò lè sọ bóyá èèṣì ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn aṣekatakata gba apá mẹ́ta náà ní tiwọn, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n rẹ̀, kí irin-iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lè bá katakata òmíràn mu. Fún katakata kéékèèké, píìnì ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, ti òkè jẹ́ 19. Fún èyí tí ó tóbi jù wọ́n lọ, 28 àti 25. Nítorí pé irin-iṣẹ́ ti wá wúwo ju èyí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tì, a ti ń ṣe apá ìsàlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń fà jáde láti wá píìnì, tí ó sì ń padà sínú fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá rìn sẹ́yìn. A tún ń ṣe férémù irin oníkọ́ mẹ́ta. Àgbẹ̀ a so èyí mọ́ apá mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá fẹ́ gbé irin-iṣẹ́, a rìn sẹ́yìn, a fi òróró gbé férémù sókè díẹ̀, ìkọ́ a sì gbá píìnì mú, láìsọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ kún katakata àtijọ́ ní láti kọ́kọ́ wọn àyè tí ó wà láàárín píìnì irin-iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo, nítorí pé bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ìkọ́ kò ní mú un. Bí píìnì bá sì tín-ínrín jù, a máa ń fi ọ̀pá irin oníhò bò ó kí ó lè kún ẹnu ìkọ́.