Kenneth Murray, Olùkọ́ tí ó Wá Ilé fún Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ní ìlú Èkó, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Mo rò ó nínú ara mi pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti irú wa, pé àwọn àlejò òkè òkun àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni a kọ́ ọ fún. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó rí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo sì dáhùn pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń kọ́. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n yára wọlé, nítorí pé olùkọ́ ni ẹni tí ó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òun ni ó mú mi wá ìtàn ọkùnrin náà kiri, tí mo sì fi ń kọ ọ́ síhìn-ín fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà àti ẹ̀yin tí ẹ ti Gánà, Sàró àti àwọn ilẹ̀ mìíràn wá.

Kenneth Crosthwaite Murray ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1902 ni a sì bí i. Ní ọdún 1927 ni ó gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n kí a tó máa bá ìtàn tirẹ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó la ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí a bí ní ọdún 1882 tí ó sì kú ní ọdún 1963, ni ẹni náà. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán kí ó tó lọ kàwé sí i ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé, ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń dá iṣẹ́ náà ṣe, títí ó fi bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún òun. Murray ni wọ́n mú wá.

Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ àti ẹni tí a fi dáhùn ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò fi ojú kan náà wo iṣẹ́ wọn. Onabolu fẹ́ kí àwọn ọmọ dúdú kọ́ yíyà àwòrán bí àwọn Òyìnbó ti ń yà á gan-an, kí ojú ènìyàn inú àwòrán jọ ojú ènìyàn, kí ọ̀nà tí ó jìnnà sì máa tín-ín-rín lọ bí ojú ti ń rí i. Murray ní tirẹ̀ gbà pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ère tí ìyá rẹ̀ sì ń mọ ìkòkò kò yẹ kí ó fi èyíinì sílẹ̀ lọ máa ṣe àfarawé ohun tí kò rí rí. Àwọn kan ti dá Murray láre pátápátá. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti sọ fún pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya àwòrán tí ó jọ ènìyàn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á kí gbogbo ayé rí i. Ó sì rọrùn fún Òyìnbó láti sọ fún wa pé kí a di ti bàbá wa mú, nígbà tí ohun gbogbo tí ó ń fúnni ní ipò àti owó oṣù jẹ́ ti bàbá tirẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ti ń ka ìtàn náà síwájú ni mo ń rí i pé Murray kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó kọ́ni ní Ìbàdàn àti ní Umuahia. Ní ọdún 1937 ó kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, a sì pàtẹ wọn fún gbogbo ènìyàn láti wò ní ilé àfihàn kan tí à ń pè ní Zwemmer. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ni Ben Enwonwu, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé lẹ́yìnwá ọ̀la.

Ní àkókò kan náà ni ohun kan ń bà á nínú jẹ́. Àwọn ère, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ àti ohun èlò òrìṣà ń pòórá ní ìlú àti ní ìletò. Iná ni àwọn kan sun, nítorí ìsìn titun. Ikán jẹ òmíràn. Àwọn oníṣòwò sì ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ìyókù lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1938, bí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọkọ́ kan orí idẹ tí ó lẹ́wà débi pé àwọn Òyìnbó kan kò fẹ́ gbà pé ọwọ́ Yorùbá ni ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ààfin, Ọba Adesọji Adérẹ̀mí sì pa wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó tà á, ó sì dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Méjì bá ọ̀mọ̀wé kan lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyí ni a dá padà ní ọdún 1950. Murray àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yéé kọ̀wé sí ìjọba pé bí kò bá sí òfin, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ Nàìjíríà yóò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá rẹ̀.

Ní ọdún 1943 ìjọba gbọ́, wọ́n sì fi í ṣe olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo Nàìjíríà. Oyè náà tóbi, ṣùgbọ́n òun nìkan ni òṣìṣẹ́! Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń ya fọ́tò, ó ń kọ orúkọ ohun tí ó bá rí àti ti ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún 1945 a ṣí ilé kékeré kan ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, fún àwọn ère òkúta tí ó pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, tí àwọn ará ìlú máa ń wí pé ènìyàn ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Òun ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn ti Èsìẹ́ púpọ̀, nítorí pé a kò kó àwọn ère náà kúrò láàárín àwọn tí ń ṣe ọdún fún wọn. Ilé ni a gbé tọ ère lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Bernard Fagg dara pọ̀ mọ́ ọn. Fagg ni a gbé orí amọ̀ kan wá bá, tí a wú níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran ní ilẹ̀ Òkè Ọya. Akọ̀wé kan ti gbé orí náà lọ sí oko iṣu rẹ̀, ó sì fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Orí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì! Fagg ni ó dá ilé ti Jọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ní ọdún 1953 òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní ilẹ̀ yìí láìgba àṣẹ. A ṣí ti Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1954, àwọn orí idẹ ọjọ́sí sì rí ibùgbé. Ní ọdún 1957 ni a ṣí ti Oníkan. Iwájú ilé yìí ni ère ńlá tí Enwonwu ṣe wà, tí ó pè ní Anyanwu: iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé dúró ní ẹnu ọ̀nà olùkọ́ rẹ̀.

Mo bá ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ère tí a yọ kúrò lójúbọ tí a wá fi sínú gíláàsì ti di òkú, ó sì ní ẹni tí ń pọ̀kìkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a wá ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè rí i. N kò rí èsì tí ó tó fún un. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kan lọ síbẹ̀ ní àkókò ìdánwò ìkọ́ni mi, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rí ìkòkò kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún gbogbo wa bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń mọ irú rẹ̀, láti ìdí dé ẹnu. Èmi olùkọ́ dákẹ́, mo ń gbọ́.

Murray fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n a tún pè é padà fún ìgbà díẹ̀ nínú àwọn ọdún 1960, kí Ekpo Eyo tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò wà ní ipò náà. Ojú rẹ̀ ni ìbànújẹ́ tí ó tóbi jù ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Oron, létí òkun ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ó ti kó ère àwọn baba ńlá tí ó lé ní 600 jọ, àwọn tí à ń pè ní ekpu, a sì kọ́ ilé fún wọn. Ogun abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970 bá ilé náà, ó bà á jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà sì sọnù. Ohun tí ó sá fún láti ìgbà èwe rẹ̀, inú ilé tí ó fi ṣe ààbò ni ó ti bá a.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó pa á ní Nàìjíríà ní ọdún 1972. Àwọn ìwé tí ó kọ àti fọ́tò tí ó yà ń bẹ ní ìpamọ́ ní Oníkan, àwọn ekpu tí ogun kó lọ sì wà lára wọn, tí ẹni tí ó bá pàdé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ oníṣòwò ní òkè òkun fi lè mọ ilé tí ó ti jáde.