Louis Brandeis: Agbẹjọ́rò Tó Jà fún Àṣírí Ọmọnìyàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òfin ààbò détà, ẹnì kan wà tó yẹ ká mọ ìtàn rẹ̀. Kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí. Agbẹjọ́rò ni, ó sì ti kú kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1856 ni wọ́n bí Louis Brandeis ní ìlú Louisville, ní Amẹ́ríkà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, láti Prague ni wọ́n sì ti wá. Ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà tó gboyè ìmọ̀ òfin ní Harvard lọ́dún 1877. Lọ́dún 1879, òun àti Samuel Warren tí wọ́n jọ kàwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Boston.

Láyé ìgbà yẹn, kámẹ́rà kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ní láti jókòó jẹ́ẹ́ síwájú ayàwòrán. Ní báyìí, wọ́n lè ya èèyàn lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ìwé ìròyìn sì gbé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 1890, àwọn méjèèjì kọ àpilẹ̀kọ kan pé bí òfin ṣe ń dáàbò bo ara àti dúkìá, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó dáàbò bo àṣírí ẹni.

Lọ́dún 1916, Ààrẹ Woodrow Wilson yàn án sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Òun ni Júù àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Ẹjọ́ Olmstead dé lọ́dún 1928. Nígbà tí òfin ka títa ọtí léèwọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba so wáyà mọ́ tẹlifóònù oníṣòwò ọtí kan ní Seattle, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn ò wọ ilé rẹ̀. Ògiri kò lanu, síbẹ̀ aláǹgbá wọlé. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní wọn kò rú Ìwé Òfin Amẹ́ríkà. Brandeis kọ̀ jálẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n mú lọ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bóyá wọ́n já ilẹ̀kùn. Ó tún kìlọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀rọ yóò lè ṣe àdàkọ ìwé inú dúrọ́ọ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ó pàdánù lọ́jọ́ náà. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1939, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1941. Lọ́dún 1967, nínú ẹjọ́ Katz, ilé ẹjọ́ kan náà padà sí èrò rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Òfin Ààbò Détà ti ọdún 2023 sì ní kí á gba kìkì ohun tí iṣẹ́ wa nílò. Bí détà bá jò, tó sì lè pa àwọn oní-nǹkan lára, wákàtí 72 la ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Nítorí náà, bí áàpù rẹ bá ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà nígbà tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan lo nílò, rántí pé ìwọ náà ò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.