Ken Saro-Wiwa: Ọmọ ẹ̀ṣọ́ igbó tó kú nítorí ilẹ̀ Ogoni

Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ kò yàtọ̀ sí ọlọ́jà tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tó dé bá àwọn ará Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers nìyẹn, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Shell rí epo rọ̀bì ní ilẹ̀ wọn lọ́dún 1958. Epo ń dà sí odò àti oko, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru, bẹ́ẹ̀ ni owó epo kò kan àwọn tó ni ilẹ̀ lára. Ọkùnrin tó sọ ìnira yìí di ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni Kenule Beeson Saro-Wiwa.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, ọdún 1941 ni wọ́n bí i sí ìlú Bori. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni baba rẹ̀, Olóyè Jim Wiwa. Ken lọ sí Government College, Umuahia, lẹ́yìn náà ló wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ ló gbè lẹ́yìn, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó Bonny. Ó di kọmíṣọ́nnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ nípò lọ́dún 1973, nítorí pé kò yé bèèrè pé kí àwọn Ogoni máa ṣàkóso ara wọn.

Òwò àti ìwé kíkọ ló gbájú mọ́ lẹ́yìn èyí. Òun ló kọ ìwé Sozaboy, òun ló sì ṣe eré Basi and Company tó gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láàrin ọdún 1985 sí 1990. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ sì wà. Ó lè jókòó sílé kó máa jẹ ayé rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1990, òun àti àwọn àgbààgbà ìlú rẹ̀ dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀. Wọ́n kọ ìwé sí ìjọba pé àwọn fẹ́ ìpín tó tọ́ nínú owó epo, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n dáàbò bo ilẹ̀ àti omi àwọn. Ken kò fi í mọ sí ọ̀rọ̀ àwọn olóyè nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ti àwọn ọ̀dọ́, ti àwọn olùkọ́ àti ti àwọn ìjọ. Wọ́n ní kí ọmọ Ogoni kọ̀ọ̀kan dá náírà kan, kí ìjà náà lè jẹ́ ti gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ọdún 1993, nǹkan bí 300,000 ènìyàn tú jáde, wọ́n mú ewé tútù lọ́wọ́, wọn kò mú ohun ìjà. Lọ́dún náà ni Shell kó kúrò ní Ogoni.

Kì í ṣe pé gbogbo ilé fi ohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí Ken àti àwọn tó tẹ̀lé e ní kí àwọn Ogoni má dìbò ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 1993, ìbò tí Olóyè MKO Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, àwọn aṣáájú kan kọ̀, wọ́n sì fi ipò wọn nínú ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyapa yìí le sí i. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1994, àwọn jàǹdùkú pa mẹ́rin nínú àwọn àgbà Ogoni ní Giokoo. Àwọn ṣọ́jà ti dá Ken padà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀, òun ni wọ́n mú.

Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha gbé kalẹ̀ ló dá ẹjọ́ ikú fún un. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, tí Olóògbé Gani Fawẹhinmi àti Fẹ́mi Fálànà wà lára wọn, ti yọwọ́ kúrò nínú ẹjọ́ náà nítorí pé kò sí ìdájọ́ òdodo níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Lọ́jọ́ kejì, àjọ Commonwealth ní kí Nàìjíríà lọ rọ́kún nílé ná.

Lọ́dún 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká jábọ̀ pé ó lè gbà tó ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ Ogoni tó mọ́. Lábúlé kan, májèlé benzene inú omi kànga ju ohun tó yẹ lọ ní ìlọ́po 900. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìdáríjì fún Ken àti àwọn tí wọ́n jọ pa. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan fèsì pé ẹni tó ṣẹ̀ là ń dárí jì. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n kéde pé wọn kò jẹ̀bi.

Ìtàn yìí kan àwa náà. Bítúmẹ̀nì ń bẹ nínú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Òǹdó, ó sì gba agbègbè Ogun Waterside kọjá. Ọdún 32 ló wà láàrin ìgbà tí wọ́n rí epo ní Ogoni àti ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ dá MOSOP sílẹ̀. Oko àti odò ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbá ara wọn jọ. Ìlú tó bá gbọ́n yóò ti béèrè ìwé àdéhùn, yóò sì ti mọ ẹni tí yóò tún ilẹ̀ ṣe, kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó wọlé.